Ilé Tí Mo Rà

Òru kẹsàn-án tí a kó dé ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ,
tó...
tó...
bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì
tó ń dúró de ìdáhùn.
Mo ní ẹnu ẹ̀rọ ni. Mo dìde, mo yí i dé gbọn-in.
Ọwọ́ mi ò tíì kúrò lára irin,
ó tún ní tó.

Ní Bergen níbí, a kì í ka òjò sí àlejò.
Ó ń rọ̀ sórí òkè méjèèje, ó ń rọ̀ sórí ọkọ̀ apẹja,
àwọn ọmọdé ń jẹ búrẹ́dì lábẹ́ rẹ̀, wọn ò sáré.
Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, mo mọ̀,
ṣùgbọ́n mo rò pé bí mo bá ti fọwọ́ síwèé ní báǹkì
àwa méjèèjì á mọ ààlà:
tirẹ̀ lóde, tèmi nínú.

Ilé onípákó funfun, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló ti lò láyé.
Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé
kí n tó rí owó àkọ́san kó jọ.
Èyí tó kù, a ó máa san án
títí Tiril yóò fi hu ewú.
Ọkùnrin tó wá yẹ̀ ẹ́ wò fún mi tan tọ́ọ̀ṣì sókè àjà,
ó tàn án sábẹ́ àtẹ̀gùn,
ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: Ó gbẹ.
Mo ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́.
Òun náà ti rin gbìndìn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbójú sókè nílé ìdáná:
ọ̀dà ti léròrò, ó yọ ikùn bí aboyún oṣù mẹ́fà.
Mo mú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ, mo gun àga,
mo kàn tọ́ ọ díẹ̀ ni.
Omi pupa bíi tíì àná
já lu orí mi, ó gba ọrùn, ó wọ inú àwọ̀tẹ́lẹ̀.
Tiril dúró lẹ́nu ọ̀nà, síbí wà lẹ́nu rẹ̀.
"Màmá, ilé yìí ń tọ̀."
Mo rẹ́rìn-ín títí.
Iyọ̀ tó kan ètè mi ló sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Oddvar púlọ́ńbà dé, ó fi ìka tẹ ògiri,
ìka wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì.
Kò sọ̀rọ̀. Ó nu ìka náà sí ṣòkòtò.
Mo rà á.
Ó ti rà.
Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu, ọ̀tọ̀ lohun tó ń ṣe fún àpò ẹni.
Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́.
Kò sí aláǹgbá nínú òtútù yìí.
Ògiri pa ẹnu rẹ̀ dé, wọ́n kùn ún lọ́dà lẹ́ẹ̀mẹta,
omi wọ̀ ọ́.

Sjur àgbà tó tà á fún mi
fi ìgò jáàmù méjì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.
Mo ti di èpè rẹ̀ sẹ́nu
bí mo ti ń ya bébà ara ògiri,
olódòdó, lẹ́yìn náà onílà, lẹ́yìn náà ewéko tó ti ṣá,
títí mo fi kan pákó
àti ìlà pẹ́ńsù wẹ́wẹ́.
Lọ́wọ́ òsì: Håkon, ọdún mẹ́rin. Håkon, márùn-ún. Mẹ́fà.
Lọ́wọ́ ọ̀tún: Omi, oṣù kẹwàá. Omi, oṣù kìíní.
Håkon dúró sí mẹ́sàn-án.
Omi ò dúró.

Mo gbé èpè náà mì.
N kò mọ èwo nínú méjèèjì ló fi bébà bò.

Adójútòfò ní kí a dúró fún lẹ́tà.
Ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin ń bú tọ̀sán-tòru,
a ń sùn ní pálọ̀, bàtà òjò wà lẹ́sẹ̀ wa.
Lọ́la ni Oddvar yóò fi ayùn gé gbogbo rẹ̀.
Mo ní kó gba ẹ̀gbẹ́ pákó yìí kọjá,
kó má ṣe fọwọ́ kàn án.
Ó ní ìyẹn á lé owó.
Mo ní kó kọ ọ́ mọ́ ọn.